Inú Fùfù Nídìí Póòkà

“Tilt” ni àwọn tí ń fi póòkà orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹun ń pe ìbínú tí í mú ènìyàn máa lé owó tó ti lọ. Ìdí ẹ̀rọ ayò pinball ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: bí a bá mì í jù, ẹ̀rọ a daṣẹ́ sílẹ̀. Inú fùfù tiwa sún mọ́ ọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní London ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ní áàsì méjì a máa borí ọba méjì ní bí ìgbà 4 nínú 5. Ìgbà karùn-ún ló ń dáni lóró. Bí ó bá pàdánù, ìpinnu rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò, kì í ṣe owó. Bí inú bá ń ru, a pa kọ̀ǹpútà. Owó ilé wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, níbi tí póòkà kò lè dé.