Sí Ẹbí ní Ìtòkò: Lórí Wíwá Agbẹjọ́rò fún Ọmọ Ọdún 15

Lọ́ńdọ̀nù

Sí Bàbá, Ìyá àti gbogbo ẹbí ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta.

Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó jí fóònù ti jẹ́ ẹni ọdún 15, òfin kò gbà kí wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ẹjọ́ àgbà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sì sọ di tirẹ̀ ní 2006, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì ní kí ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí Kóòtù Ìdílé, níbi tí májísíréètì kì í ti í dá jókòó, nítorí pé olùbádámọ̀ràn méjì ni ó ń bá a jókòó, tí ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Ará ìta kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ìwé ìròyìn kò sì gbọdọ̀ gbé orúkọ ọmọ náà jáde.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo lọ́yà ni ẹjọ́ yìí tọ́ sí. Ẹni tí ó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ dunjú (Abẹ́òkúta kò sì ṣàìní irú wọn) lè má tíì dúró ní Kóòtù Ìdílé rí. Agbẹjọ́rò tí kò bá kọ́kọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ náà kì í ṣe ẹni tí ẹbí ń wá, nítorí pé bí ọlọ́pàá bá kọ ọdún 18 sínú ìwé ẹ̀sùn, tí kò sì sí ẹni tí ó takò ó, kóòtù àgbà ni ọmọ náà ń lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé wọ́n kó ọmọdé lọ sí kóòtù àgbà: ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n kó ẹni 76, tí àwọn ọmọdé wà nínú wọn, lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá nítorí ìwọ́de tí ó wáyé ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà ṣubú lulẹ̀ ní kóòtù, bélì ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, kí wọ́n tó fagi lé ẹjọ́ náà ní ọjọ́ karùn-ún oṣù yẹn.

Kí agbẹjọ́rò tó dé, ọmọ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí sítétímẹ́ǹtì kankan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ láti ẹnu ẹni tí wọ́n mú. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, ó sì fẹ́ kí òbí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ni yóò pe àgbàlagbà kan wá jókòó ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àfi bí ẹbí bá béèrè. Bí ọlọ́pàá bá sì fẹ́ ti bàbá mọ́lé dípò ọmọ, òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kọ̀ ọ́.

Ní ti owó, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tí ń gba ẹjọ́ rò fún aláìní, kì í gba owó, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ sì fún ọmọdé lẹ́tọ̀ọ́ sí irú agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, náà máa ń gba irú ẹjọ́ yìí.

Àbá Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n fi ọmọ náà sí Bọ́sítà, ilé àtúnṣe ìwà fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ sí òfin, ní Adígbẹ̀ kí ó lè gbọ́n kò lè ṣeé ṣe, nítorí pé ẹni ọdún 16 sókè ni òfin ibẹ̀ ń gbà. Kí Ìyá wá ìwé ìbí náà jáde lónìí. Bí kò bá sí, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.