Ọ̀bọ Ni Ọmọ Mi Ń Kọ́

Ilé tí mo ń gbé ní Agbowó, bí ẹ bá sọdá títì báyìí, ẹnu géètì Yunifásítì Ìbàdàn lẹ wà. Yàrá mẹ́jọ ló kọjú sí ara wọn nínú ilé náà, àṣírí kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, ìyá tó ń ta àmàlà lẹ́nu ọ̀nà wa bi mí pé, “Bàbá Ìbejì, kí ni wọ́n ní Táyé ń kà gan-an?”

Mo ní áńtírópọ́lọ́jì ni. Kí n tó ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ nípa ọmọ ènìyàn, ìṣẹ̀dálẹ̀ rẹ̀ àti àṣà rẹ̀ ni, Kẹ́hìndé ti já a gbà mọ́ mi lẹ́nu: “Ọ̀bọ ni, mà. Ọ̀bọ ló ń kọ́.” Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí nǹkan ń dùn ni.

Tóò, kí n má purọ́ fún yín. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ bí a ti ń kọ ìròyìn ti di ọ̀gá mi nítorí dìgírì. Lọ́ọ̀yà ni mo fẹ́ kí Táyé dà. Máàkì rẹ̀ kò tó ti lọ́ọ̀, wọ́n gbà á sí ẹ̀ka akíọ́lọ́jì àti áńtírópọ́lọ́jì, mo ní kò burú, kó fi ọdún kan dúró ná. Ọdún pé, owó tí yóò fi tún JAMB ṣe wà lábẹ́ ìbùsùn mi, ọmọ ní òun kò lọ mọ́.

Lóru ọjọ́ yẹn, NEPA mú iná lọ, àwa méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, “Dádì, ẹ má bínú. Ẹ ti gbọ́ orúkọ Jane Goodall rí?”

Mo ní mo gbọ́ ìgbà tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ó ní iṣẹ́ akọ̀wé ni obìnrin náà kọ́, kò ní dìgírì kankan nígbà tó wọ igbó Gombe ní Tanganyíkà ní 1960. Etí mi là síbẹ̀! Ibẹ̀ ló ti rí ìnàkí kan, èyí tó sọ ní David Greybeard, tó ń ti koríko bọ ilé ikán, tó sì ń lá ikán tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ènìyàn nìkan ló ń ṣe irinṣẹ́. Ní 1962, Cambridge gbà á láti wá gba oyè ọ̀mọ̀wé láìní dìgírì àkọ́kọ́. (Ní tiwa ńkọ́? Ta ni yóò gbà á?) Wọ́n bá a wí níbẹ̀ pé nọ́ńbà ló yẹ kó fún àwọn ẹranko rẹ̀, kì í ṣe orúkọ. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá mi tí kò mọ orúkọ gíwá Yunifásítì kankan mọ orúkọ Imade, gòrílà ọgbà ẹranko wọn.

“Ó tún wà nílé wa níbí,” ni Táyé wí. Ó ní ní nǹkan bí ọdún 2000, Volker Sommer, ọ̀jọ̀gbọ́n áńtírópọ́lọ́jì kan láti Lọ́ńdọ̀nù, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn ìnàkí ní Gashaka, lápá Tàrábà. Igi ni àwọn yẹn fi ń kó ìjàlọ jẹ, ìjàlọ tó ń ta ènìyàn bí iná! Ṣùgbọ́n ikán tó kún inú igbó náà, wọn kì í jẹ ẹ́.

Mo ní, “Kí ló dé?”

“Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn, sà. Àwa ńkọ́, kí ló dé tí a kì í jẹ ẹran ẹdun nílé wa?”

“Ṣebí nítorí pé ìbejì lẹ jẹ́ ni.”

“Ṣé ẹran ẹdun kò dùn ni?”

Mo dákẹ́. N kò tọ́ ọ wò rí.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, mo tẹ̀lé e dé ọgbà ẹranko. Ó dúró síwájú ilé ọ̀bọ fún wákàtí kan gbáko, ó ń wò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń wo aago ọwọ́. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, “Dádì, nínú àwọn méjì yẹn, èwo ló kọ́kọ́ yà fún èkejì?” Èmi tí mo ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹun nídìí wíwò àti kíkọ, n kò rí i.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo mú owó abẹ́ ìbùsùn lọ sí Dùgbẹ̀, mo ná awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Owó náà kò tó o. Mo san ìdajì sílẹ̀.