Wọ́n Ti Yọ Catalyst Ẹ̀
Ọjọ́ kẹta tí a ra tòkúnbọ̀ wa l'Àpáta ni iná check engine tàn. A so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó gbé P0420 jáde. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yọ catalyst ẹ̀. Páìpù lásán ni wọ́n jó síbẹ̀." Platinum inú rẹ̀ ni wọ́n ń tà.

Ẹni tó tà á fún wa ní, "Ṣé kò rìn ni?" Ó nawọ́ sí rísíìtì: a kì í dá owó padà. A fi òfin FCCPA ọdún 2018 hàn án lórí fóònù: ẹ̀tọ́ oníbàárà ni ọjà tí kò lábùkù, àfi bí wọ́n bá ti sọ àbùkù ọ̀hún fún un, tó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ fún wa?

"Ṣé lọ́yà ni yín ni?"

Kóòdù la ń kọ o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó dá díẹ̀ padà. Iná yẹn ṣì ń tàn.