ỌJỌ́ MÉJÌLÁ, ÌLÚ MẸ́TA: BÍ A ṢE TO ÌRÌN-ÀJÒ ÌSINMI WA

 

 Láti ìgbà tí a ti dé láti ìrìn-àjò wa ti oṣù December 2024 ni àwọn ènìyàn ti ń bi wá léèrè pé: báwo ni a ṣe rí ìlú mẹ́ta láàárín ọjọ́ méjìlá, tí ìwàǹwára kò sì ba ìjọsìn wa jẹ́? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún wa yìí. Ohun tí ojú rí ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn Alhaji àti Alhaja wa. Bí a ṣe to ọjọ́ àti ìlú ni a fẹ́ sọ, kí ẹni tí ó bá ń gbèrò àtilọ lè rí ohun dì mú.

Àwa mẹ́fà ni a lọ: Àlùfáà Àgbà ilé-kéwú wa àti ìyàwó wọn, Ìyá Àdínì àti ọmọ wọn ọkùnrin tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí, pẹ̀lú olùkọ́ méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà bọ̀. Àjọ tí a dá fún ọdún mẹ́rin ni a fi lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsinmi àwọn ọmọ tí ń há Al-Kùránì kì í gùn, àwọn olùkọ́ wọn kò sì lè kúrò nílé ju ọjọ́ méjìlá lọ. Ìyá Àdínì ní tiwọn ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Nígbà tí a kọ́kọ́ jókòó ìpàdé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin lè tún lọ. Èmi ò rò pé mo tún máa lọ mọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí Mẹ́kà dáadáa." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó di òpó tí a so gbogbo ètò mọ́.

ÌLÚ MẸ́FÀ DI MẸ́TA

A ní kí olúkúlùkù kọ ìlú tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ sílẹ̀. Mẹ́fà ni ó jáde: Mẹ́kà, Mẹ̀dínà, Jẹrúsálẹ́mù, Káírò, Alẹkisáńdíríà àti Ìstáńbùl. Kò sí èyí tí kò ní ìdí. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé mọ́sálásí mẹ́ta ni Ànábì wa (S.A.W.) yà sọ́tọ̀ pé kí á torí wọn di ẹrù ìrìn-àjò: ti Mẹ́kà, tiwọn ní Mẹ̀dínà, àti Al-Aqsa ní Jẹrúsálẹ́mù. Ṣùgbọ́n ogun Gásà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 kò jẹ́ kí a ro ti Jẹrúsálẹ́mù jìnnà. A fi í sínú àdúrà.

Ìlú márùn-ún kù. Àlùfáà Àgbà mú ẹfun, wọ́n fa ìlà méjìlá sára pátákó ìkọ̀wé. Wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá fi ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, kì í ṣe ọjọ́ tí a ó fi rí ìlú kankan. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a ó di ẹrù ní òwúrọ̀, a ó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì kí ọ̀sán tó pọ́n, a ó ti dé pápákọ̀ òfúrufú ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, a ó tò sórí ìlà, a ó dúró de ẹrù, a ó sì tún wá ibùgbé mìíràn. Ilẹ̀ ti ṣú. Bí ìlú bá jẹ́ márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ó ṣí kúrò láàárín wọn. Fi àlọ kan àti àbọ̀ kan kún un, ó di ọjọ́ mẹ́fà. Wọ́n nu ìlà mẹ́fà kúrò lójú gbogbo wa. Mẹ́fà péré ni ó kù fún ìlú márùn-ún. Kò sí ẹni tí ó tún jiyàn. Ẹni tí ó bá lé eku méjì ń pa òfo, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tí ó lé márùn-ún. A yọ Ìstáńbùl, a yọ Alẹkisáńdíríà.

ÈWO NI KÍ Ó ṢÁÁJÚ?

Ó kù kí a mọ èyí tí yóò ṣáájú. Ohun méjì ni ó mú wa fi Mẹ̀dínà ṣe ìlú àkọ́kọ́.

Èkínní ni Miqat. Ẹni tí ó bá wọ bàálù lọ sí Jeddah láti ṣe Ùmúrà, ojú òfúrufú ni yóò ti kọjá Miqat rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti wọ aṣọ Ihram kí ó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé ní Mẹ̀dínà, Miqat àwọn ará Mẹ̀dínà di tirẹ̀, ìyẹn Dhul-Hulaifah, tí wọ́n ń pè ní Abyar Ali lónìí, ní etí ìlú náà. Yóò sùn, yóò sinmi, yóò wẹ̀, yóò sì gbé Ihram rẹ̀ wọ̀ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ìrọ̀rùn ńlá ni èyí.

Èkejì ni ọ̀nà. Láti Mẹ̀dínà sí Mẹ́kà tó nǹkan bíi kìlómítà 450. Ẹni tí ó bá wọlé ní Jeddah, tí ó tún jáde ní Jeddah, tí ó sì fẹ́ dé Mẹ̀dínà, yóò rin ọ̀nà gígùn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: a ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ó mú wa wọlé ní Mẹ̀dínà, tí ó sì mú wa jáde ní Jeddah, tí a ó máa yí bàálù padà ní Káírò ní àlọ àti ní àbọ̀. Orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. A rí àwọn tí owó wọn dínkù díẹ̀ bí a bá rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, owó rẹ̀ á sì wọmi.

JÍMỌ̀ MÉJÌ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti Jímọ̀. Ọjọ́ Àtàláátà, 17 December, ni a ó kúrò ní Èkó. Ọjọ́ Sátidé, 28, ni a ó padà. Jímọ̀ méjì ni ó bọ́ sí àárín. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti Mẹ̀dínà láìsí àríyànjiyàn. Èkejì ni a jà lé lórí. Àwọn olùkọ́ wa méjèèjì fẹ́ kí a kí i ní Al-Azhar ní Káírò. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àwọn olùkọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ kí a lo odidi ọjọ́ méjì níbẹ̀. Ìyá Àdínì kò sọ̀rọ̀. Àlùfáà Àgbà ni wọ́n rán wa létí pé ìrun kan ní mọ́sálásí Mẹ́kà ju ọ̀kẹ́ márùn-ún ìrun níbòmíràn lọ, wọ́n sì bèèrè pé ta ni nínú wa tí yóò lè sọ fún Ìyá pé kí wọ́n fi Jímọ̀ Mẹ́kà sílẹ̀?

Àwọn olùkọ́ náà wo ara wọn. Èyí àgbà nínú wọn ni ó sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí Ìyá kí Jímọ̀ wọn ní Mẹ́kà. Ọjọ́ kan tó wa ní Káírò." A kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé owó àjọ tirẹ̀ kò dín sí ti ẹnikẹ́ni. Báyìí ni ètò wa ṣe dúró: òru mẹ́rin ní Mẹ̀dínà, márùn-ún ní Mẹ́kà, ọ̀kan ní Káírò.

Ètò yìí kan ìrun pẹ̀lú. Ní mazhab Màlíkì, arìnrìn-àjò tí ó bá pinnu láti gbé ibì kan fún odidi ọjọ́ mẹ́rin kò ní dín ìrun rẹ̀ kù mọ́. Ní Mẹ̀dínà, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni a ní. Ní Mẹ́kà, láti Àtìní dé Àlàmísì jẹ́ mẹ́rin géérégé. Ẹni tí ó bá sì kírun lẹ́yìn Imáàmù ìlú, pípé ni yóò kí i níbikíbi. Kí olúkúlùkù bi àlùfáà rẹ̀ léèrè kí ó tó kúrò nílé.

ÌWÉ ÀTI ABẸ́RẸ́

Físà orílẹ̀-èdè méjì ni a gbà, nítorí pé a ó jáde kúrò nínú pápákọ̀ ní Káírò. A rí i dájú pé ìwé ìrìnnà olúkúlùkù ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó kú. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti ti yírùnyírùn, ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí a bá gbà wọ́n ni ìwé wọn tó ṣeé lò. Ẹni tí ó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tí ó kù láti gbà wọ́n ti pẹ́.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé a kò kàn lè wọ Rawdah ní mọ́sálásí Ànábì mọ́. Orí fóònù, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Nusuk, ni a ti ń gba àyè, wákàtí ọkùnrin sì yàtọ̀ sí ti obìnrin. A mọ̀ọ́mọ̀ má gba àyè kankan ní ọjọ́ Àlàrúba tí a ó dé. Àwọn obìnrin gba alẹ́ Àlàmísì, àwọn ọkùnrin gba ọ̀sán Sátidé.

BÍ Ó ṢE RÍ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Bàálù wa pẹ́ ní Èkó fún wákàtí márùn-ún. Nígbà tí a óò fi dé Káírò, èyí tí ó yẹ kí ó gbé wa lọ sí Mẹ̀dínà ti lọ. Nítorí pé orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ni a wà, àwọn tí ó ni bàálù fún wa ní oúnjẹ, wọ́n sì fi wá sínú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Dípò ìrọ̀lẹ́ Àlàrúba, òru mọ́jú Àlàmísì ni a wọ Mẹ̀dínà. Ìrun àsùbá bá wa níbẹ̀. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí ó ṣòfò kò ní iṣẹ́ kankan lórí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Àdínì àti ìyàwó Àlùfáà wọ Rawdah.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, a lọ kírun ní mọ́sálásí Quba, bí Ànábì (S.A.W.) ti máa ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Láti ibẹ̀, a lọ sí Uhud, a sì padà kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ní ọjọ́ Àlàádì, ọkọ̀ ojú irin wà tí ó lè gbé wa dé Mẹ́kà ní ìwọ̀n wákàtí méjì ààbọ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n kì í dúró ní Abyar Ali, ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Mẹ́kà kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haram. A háyà ọkọ̀ tí ó gbà wá. Wákàtí márùn-ún ni ó ná wa, ṣùgbọ́n a kí rakah méjì ní Abyar Ali, a sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wa lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. A sinmi di ẹ̀yìn Íṣàì kí a tó ṣe Ùmúrà. Ìyá Àdínì fi ẹsẹ̀ ara wọn rin Tawaf. Sa'y láàárín Safa àti Marwa, tí ìlọ-bọ̀ rẹ̀ méje tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta, orí kẹ̀kẹ́ ni ọmọ wọn ti tì wọ́n ṣe é.

Ní Mẹ́kà, a kò to nǹkan púpọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gun òkè Hira ní ìdájí ọjọ́ kan. Ọjọ́ yòókù, láti òtẹ́ẹ̀lì sí Haram ni. Nígbà tí a kí Jímọ̀ tán, Ìyá Àdínì jókòó, wọ́n ń wo Kaaba títí. Nígbà tí ọmọ wọn ní kí wọ́n dìde, wọ́n ní, "Mo ti rí i. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

KÁÍRÒ NÍ ỌJỌ́ KAN

A ti mọ̀ pé ọ̀nà máa ń dí lẹ́yìn Jímọ̀, nítorí náà, bàálù alẹ́ ni a mú ní Jeddah. Ní Sátidé, a fi ẹrù sí òtẹ́ẹ̀lì ní Káírò, a sì dúró sí agbègbè kan ṣoṣo: Al-Azhar, ọjà Khan al-Khalili àti òpópónà al-Mu'izz, tí ẹsẹ̀ lè kárí. Ọdún 970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mọ́sálásí Al-Azhar, wọ́n sì kí Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ní 972. Àwọn olùkọ́ wa méjèèjì jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ láti àárọ̀ títí a fi kí Àsárì, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kéwú. A kò pè wọ́n.

Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta bi wá pé, "Ẹ dé Káírò, ẹ ò rí píramídì?" Bẹ́ẹ̀ ni, a kò rí i. Gíísà ni ó wà, ní òdìkejì odò Náílì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ìlú náà ìbá sì jẹ wákàtí tí a ní. Ó ti dúró síbẹ̀ fún ju ẹgbàajì ọdún lọ, yóò dúró de ẹ̀yin náà.

ÌMỌ̀RÀN WA

Èkínní, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ torí rẹ̀ ń lọ, àti ẹni tí ìrìn-àjò náà ṣe pàtàkì fún jù. Èkejì, ẹ yọ ọjọ́ ìṣíkúrò kí ẹ tó pín ọjọ́ fún ìlú. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe di ẹrù iṣẹ́ lé ọjọ́ tí ẹ ó dé. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ẹ bá yọ kúrò, ẹ fi tayọ̀tayọ̀ yọ ọ́, nítorí pé òun ni ó fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ẹ mú.

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ọjọ́ kejìlá pé, a wọ bàálù. Ní ọjọ́ Àtìní, àwọn olùkọ́ wa ti wà níwájú àwọn ọmọ tí ń há Al-Kùránì. Kí Ọlọ́hun gba Ùmúrà wa, kí Ó ṣí ọ̀nà Jẹrúsálẹ́mù pẹ̀lú àlàáfíà, kí Ó sì pe ẹ̀yin tí ẹ kò tíì lọ. Àmín.