Ta Ni Ìwé Ìṣàkóso Ń Bi Léèrè?

Ní ọdún 1911, Frederick Taylor, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń ṣàkóso iṣẹ́. Ó ní òun mú kí òṣìṣẹ́ kan tí òun pè ní Schmidt máa ru irin tó tó tọ́ọ̀nù 47 lóòjọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì kúrò ní dọ́là 1.15, ó di 1.85. Ó tún kọ ọ́ pé ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá mọ́ lára ní láti jọ màlúù ní ọpọlọ. Henry Noll ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ tí a sì bá lẹ́nu rẹ̀ nínú ìwé yẹn, Taylor ló kọ ọ́ fún un.

Títí dòní, irú ìwé bẹ́ẹ̀ la fi ń kọ́ ọmọ wa ní ìṣàkóso ní yunifásítì. Ó dùn mí, nítorí Òsì wà níbí ní Kwara, ìlú Dádà Areogun, agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Odò-Ọwá, ìlú Bámigbóyè tí òun náà jẹ́ agbẹ́gilére, kò jìnnà sí ìlú Ìlọ́fà. Igi kan ṣoṣo ni àwọn baba wọ̀nyí fi ń gbẹ́ ère Ẹ̀pà tí a ń gbé sórí jó, ìbòjú nísàlẹ̀, ẹlẹ́ṣin tàbí abiyamọ àti ọ̀pọ̀ èèyàn lókè. Ọnà lílé, tó ń gé ìrísí ère jáde, ló ń ṣíwájú, alétúnlé tó ń pín in sí wẹ́wẹ́ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ dídán, kí ojú ọ̀bẹ tó wá ṣe fínfín. Fadá Kevin Carroll kọ èyí sílẹ̀ ní 1967. Nínú ìpele wọ̀nyí, èwo ni ọ̀gá á fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, èwo ni kò ní fi lé e lọ́wọ́? Igi tí a bá ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà: ta ni yóò ru àṣìṣe yẹn? Ọ̀rọ̀ ìṣàkóso pọ́ńbélé ni.

Àwọn onímọ̀ ọnà ti ṣe tiwọn. Yunifásítì Yale pàtẹ iṣẹ́ Bámigbóyè ní 2022. Yàtọ̀ sí ọnà, William Bascom ti kọ̀wé lórí èsúsú wa, owó àjọ tí a ń dá, láti 1952. Àwa tí a ń kọ́ni ní ìṣàkóso la jókòó tẹtẹrẹ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń dán igi náà ńkọ́? Orúkọ ọ̀gá nìkan la gbọ́.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá bá mi fún iṣẹ́ àṣekágbá, ọjà Ìlọ́fà ni mò ń rán an sí, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń dá èsúsú. Kó bi wọ́n pé kí ni ẹgbẹ́ ń ṣe bí ẹni tó ti kó tirẹ̀ bá pàdánù ọkọ, tí kò lè dá mọ́. Kó kọ ìdáhùn wọn ní Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó padà lọ kà á sí etígbọ̀ọ́ ẹgbẹ́, kí wọ́n tún un ṣe níbi tó bá ti ṣì wọ́n gbọ́, kí n tó fi máàkì sí i.