Iṣẹ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Oyún Àkọ́bí, Ilé ní Àkàkà

Ẹni tí ó bá ti Èkó ń bọ̀ wá sí Àkàkà Rẹ́mọ yóò gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Yóò kọjá oríta Ṣágámù, yóò kọjá Ogèrè níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tò lọ rẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó tó yà kúrò lójú títì ńlá lọ sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ: Òde, Ìpàrá, Àkàkà, Ìlárá, àti Ìsarà tí í ṣe olú-ìlú wọn. Bí ènìyàn bá ti yà báyìí, ariwo ọkọ̀ yóò dínkù, igi kòkó àti igi obì yóò sún mọ́ ojú ọ̀nà, ọkàn arìnrìn-àjò yóò sì balẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń gbé Èkó, bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ lè sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin láìná owó púpọ̀, ẹ má fojú fo agbègbè yìí.

Oṣù kẹjọ ni mo lọ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní àkókò yẹn, láàárín àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Ojú ọ̀run a dúdú, oòrùn kì í mú, àwọn ọmọ ilé-ìwé wà ní ìsinmi, òórùn àgbàdo sísun sì gba gbogbo ìgboro kan. Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, ni mo lọ kí. Oyún àkọ́bí rẹ̀ ti pé oṣù méje. Òun àti ọkọ rẹ̀, ẹni tí í ṣe olùkọ́, ti kó kúrò ní Yábàá nígbà tí owó ilé ju agbára wọn lọ, wọ́n sì wá ń gbé inú ilé bàbá ọkọ ní Àkàkà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àbúrò mi yìí ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kò dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ni ọ́fíìsì rẹ̀: tábìlì kan, àga kan, fèrèsé tí ó kọjú sí igi ọsàn. Pánẹ́ẹ̀lì tí ń gba iná lára oòrùn wà lórí òrùlé, bátìrì rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi ojú sí NEPA nìkan kí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pánẹ́ẹ̀lì náà ni àwo funfun kan tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run, irú èyí tí ó wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 2023. Wọ́n rà á lẹ́yìn ìyà tí wọ́n jẹ ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba abẹ́ òkun já ní etí òkun Côte d'Ivoire, tí iṣẹ́ sì dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ohun kan yà mí lẹ́nu. Ní ìgbà ooru àwọn òyìnbó, aago Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti aago Àkàkà dọ́gba ṣíṣẹ́. Bí ó bá lu mẹ́sàn-án lọ́hùn-ún, ó lu mẹ́sàn-án níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kẹjọ yìí kan náà ni àwọn ará ọ̀hún ń lọ sí ìsinmi, tí iṣẹ́ sì ń rọ̀ díẹ̀. Àbúrò mi ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n ṣe tí oyún òun fi wúwo ní àkókò tí iṣẹ́ fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń ṣe nínú ilé, ojú tí àwọn ará ilé fi ń wò ó yàtọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, obìnrin rere tí ó fẹ́ràn ìyàwó yìí dọ́ba, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọjọ́ tí mo dé. Ó ní, "Àna mi, ẹ wò ó, ọmọ yìí kò lọ sí oko, kò lọ sí ọjà. Ó kàn jókòó sí yàrá láti àárọ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ní ó rẹ òun. Kí ni ó mú kí ó rẹ̀ ẹ́?"

Màmá yìí kò mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Obì ni òwò rẹ̀. Rẹ́mọ wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ gidi mú obì gbànja ní ilẹ̀ Yorùbá, Ṣágámù ni àwọn Hausa sì ti ń wá rà á lọ sí òkè ọya láti ìgbà pípẹ́. Àwọn obìnrin ni iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Wọn yóò yọ obì kúrò nínú apó, wọn yóò rẹ ẹ́ sínú omi, wọn yóò bó awọ funfun ara rẹ̀, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò sì ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, nítorí pé ẹyọ kan tí ó ní kòkòrò lè ba agbọ̀n kan jẹ́. Àbúrò mi náà, ètò tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ fún kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kó fún un kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó wá ibi tí ó kù sí kí àwọn oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Kòkòrò gan-an ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn. Mo bi Màmá léèrè pé, "Ṣé ẹsẹ̀ ni ẹ fi ń ṣa obì, Màmá? Ìdí kì í ha ro yín?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ fún àwọn àlejò pé ìyàwó òun wà nídìí obì àwọn òyìnbó.

Kí àwọn àlejò má baà máa ja ìpàdé rẹ̀, àbúrò mi a máa so aṣọ pupa kékeré kan mọ́ ilẹ̀kùn nígbà tí ó bá ń bá àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀. Bí aṣọ bá wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wọlé, a kò sì ní í rán an ní iṣẹ́. Bí a bá tú u, ẹnu-ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Mo gba ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ tàbí tí ẹ ń ṣe ìṣirò owó nínú ilé níyànjú pé kí ẹ gbìyànjú irú àmì bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún tẹ̀ lé ju kí a máa jágbe mọ́ àna ẹni lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí kò mú àríyànjiyàn wá nínú ilé náà ni ti oòrùn ọ̀sán. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà kì í fẹ́ kí aboyún rìn lọ́sàn-án gangan, wọn a sì máa ní kí ó fi abẹ́rẹ́ kọ́ ara aṣọ bí ìrìn náà bá pọn dandan. Abẹ́rẹ́ wà lára aṣọ àbúrò mi. N kò béèrè ìdí rẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Iṣẹ́ ni ó dá a dúró sínú ilé lọ́sàn-án, inú ìyá ọkọ sì dùn sí i.

Ìjókòó pípẹ́ ni kò dára. Mo bá a gbé àpótí kékeré kan sí abẹ́ tábìlì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sinmi lé e, mo ká ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ní kí ó máa dìde ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, kí ó rìn dé ìdí igi ọsàn kí ó padà. Ní ti oúnjẹ, Rẹ́mọ kò jẹ́ kí ebi pa aboyún. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n fi ṣe mí ní àlejò: ewùrà tí a rin, tí a sè pẹ̀lú epo, ata, edé àti ẹja yíyan. Ohun tí mo fi kún un ni pé kí ẹja inú rẹ̀ pọ̀ sí i fún aboyún, kí wọ́n sì fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ewùrà nìkan a máa yó ni, ṣùgbọ́n kò lè fún ìyá àti ọmọ ní ẹ̀jẹ̀. Ẹyin sísè kan àti ẹ̀wà lálẹ́ kò wọ́n jù fún wọn. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ilé ìwòsàn fún un lójoojúmọ́, ó ti lo oògùn tí a fi ń dènà ibà fún aboyún ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ń sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé ni orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ. Ó ní ojú òun ń ṣe bàìbàì, ó sì dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi: ó ní òun ti wo ojú rẹ̀ jù. Èyí dàbí òtítọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ìbá sì lo oògùn ẹ̀fọ́rí kan kí ó sùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ó sì rí i pé òrùka ìgbéyàwó ti há. Ó ní, "Ìyàwó, dìde, kì í ṣe ojú ni ń ṣe ọ́." A wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣágámù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, 142 lórí 92 ni wọ́n bá. Ní ti aboyún, bí ó bá ti dé 140 lórí 90, dókítà kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ìtọ̀ náà mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n sì fetí sí ọkàn ọmọ inú rẹ̀, ó ń lù dáadáa. Wọ́n dá a dúró títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kí ó máa wá ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojú ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí fún ọkọ yín. Ẹ̀fọ́rí tí kò lọ, ojú tí ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tí ó wú lójijì, inú ríro lókè ní abẹ́ egungun ìhà, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà, tàbí ọmọ tí kò yí mọ́ bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀: ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ ni a rò pé ó fà á. Nítorí irú èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní láti ọdún 2016 pé ó kéré tán, kí aboyún rí oníṣẹ́ ìlera ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ẹni tí ó wà ní Rẹ́mọ ní oríire nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣágámù, ti Yunifásítì Babcock sì wà ní Ìlíṣàn.

Dókítà ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 36. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1974, fún obìnrin tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù ó kéré tán, bí ó bá ti pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè gba ọ̀sẹ̀ 52, kí a sì san owó fún un nínú 39. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí àbúrò mi fi ọwọ́ sí, wọn kò pè é ní òṣìṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n pè é: bí ó bá ṣiṣẹ́, wọn yóò sanwó, bí kò bá ṣe é, kò sí owó. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́hùn-ún ti lọ sí ìsinmi ìbímọ ní oṣù karùn-ún, tòun ti owó rẹ̀. Èyí bí mi nínú, n kò sì fi í pamọ́.

A jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, èmi, òun àti ọkọ rẹ̀, a sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀. A kò bẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀. A sọ ọjọ́ tí yóò dá iṣẹ́ dúró, a béèrè fún ọ̀sẹ̀ 16, a sì béèrè fún ìdajì owó. Èsì dé kí n tó kúrò: wọ́n gbà láti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ dè é fún ọ̀sẹ̀ 16 náà, wọ́n kọ̀ láti sanwó. Ṣùgbọ́n ìyàwó yìí ti gbọ́n ṣáájú. Láti ìgbà tí oyún ti pé oṣù mẹ́ta ni ó ti ń fi ìdá mẹ́ta owó rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ kò ti lè tètè tó o. A fi ìwé ṣírò rẹ̀: owó oúnjẹ, owó ilé ìwòsàn, owó ìkómọ tí wọ́n gbà pé kí ó mọ níwọ̀n. Owó oṣù ọkọ yóò gbé ilé ró, owó ìpamọ́ yóò dí àlàfo, bí wọ́n kò bá ra ọkọ̀ tí wọ́n ń pète láti rà.

Ohun tí ó kù ni ìpàdé àárọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù yóò dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi bá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún, ìpàdé aago mẹ́sàn-án wọn yóò ti di aago mẹ́wàá ní Àkàkà. Ó ń rò ó bí òun yóò ti fún ọmọ lọ́mú kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, tí òun yóò sì tú aṣọ pupa nígbà tí ó bá tún tó àkókò. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí àwa rò pé kò gbọ́ ohun tí a ń sọ, dáhùn láti ẹ̀yìn ilé pé aago mẹ́wàá tẹ́ òun lọ́rùn, nítorí pé òun yóò ti dìde nídìí obì, ọwọ́ òun yóò sì ti mọ́ láti gbé ọmọ pọ̀n.