Ọ́ìlì Tó Ń Kán Lábẹ́ Ìjàpá

Àwọn kan ní kí n ta Volkswagen Ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ra kòńdẹ́mù, torí ọ́ìlì tó ń kán lábẹ́ ẹ̀. Mi ò tà á o! Ọjọ́ níbí ni wọ́n ti tò ó. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣì ń pe “Volks!” níbẹ̀ títí dòní. Màmá mi ò sì fẹ́ kí mọ́tò míì gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mẹkáníìkì wa ní Okokomaiko wo ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíáàbọ́ọ̀sì ti pàdé: sííli ẹ̀yìn crankshaft ni. Rọ́bà ẹ̀ ti gan, ó ti sán. Rọ́bà kékeré, àmọ́ odidi ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín flywheel, sáìsì 36, ló bá wa jà jù. Páìpù gígùn la fi tú u.

Kó tó ki sííli tuntun bọ̀ ọ́, ó yẹ àwọn wọ́ṣà pẹlẹbẹ mẹ́ta ẹ̀yìn flywheel wò, ó wọn bí crankshaft ṣe ń sún síwá sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ kì í wọ̀n ọ́n. Tó bá ń sún jù, sííli tuntun ò ní pẹ́ tí á fi jò. Ó wá fi ọ́ìlì pa ètè ẹ̀, ó rọra ń gbá a wọlé yíká-yíká kó má baà wọ́. A pààrọ̀ clutch tí ọ́ìlì ti bà jẹ́. Àdúrà kì í gbẹ ọ́ìlì lára clutch, ẹ má bínú sí pásítọ̀ yín.

Páálí tí mo tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì ṣì gbẹ táútáú. Màmá ti ní iwájú lòun máa jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi.